Ọ̀gànwó Wo?

"Ọ̀gànwó wo? Ti igbó ni àbí ti ọ̀dàn?"

Ìbéèrè tí ìyá alágbo bi mí nìyẹn ní Ṣógúnlé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹrin, tó ku ọ̀la kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ìsinmi Àjíǹde. Ìyá ti ń pàtẹ sí ẹ̀bá ojú irin kí n tó kó dé àdúgbò, níbi tí títì tó lọ sí Agége àti ojú irin ti ń bá ara wọn rìn bí ìbejì. Orí tábìlì rẹ̀ ni àwọn ike àgbo tò sí: ti ibà, ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ọpa ẹ̀yìn. Abẹ́ tábìlì ni àpò ìrẹsì mẹ́ta wà. Èèpo igi ló wà nínú ọ̀kan, egbò wà nínú èkejì, ewé gbígbẹ wà nínú ẹ̀kẹta.

Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún un pé mò ń lọ bá àwọn kan ka igi nínú igbó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹni tó ń ka igi, ṣé ó fẹ́ rà á ni?" Mo ní rárá o, a kò rà, a kò gé, a kò sì bó èèpo, a kàn fẹ́ mọ iye tó ṣẹ́kù nínú àwọn igi tó ti ń ṣọ̀wọ́n, bí ìrókò, bí apá, bí ọ̀gànwó. Bí mo ṣe dárúkọ ọ̀gànwó ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó bi mí pé èwo. Ẹnu mi wọhò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn, igi kan ṣoṣo ni mo sì rò pé ó ń jẹ́ ẹ.

Ìyá tẹ̀ ba, ó yọ èèpo kan nínú àpò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Inú rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí awọ ọ̀nì. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, èèpo tí mò ń rà ní ọjà Ojúwòyè nípọn tó ìka méjì. Wo èyí. Ó ha nípọn ju àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà lọ bí? Ọmọ igi ni wọ́n ń bó báyìí, Tíṣà. Tí wọ́n bá bó ọmọ tán, ta ni yóò wá dàgbà?" Ó ní kí n mú èèpo náà dání. "Tó o bá débẹ̀, bá mi wò ó bóyá àgbà rẹ̀ ṣì wà. Kó o sì wò ó dáadáa, kó o mọ èwo ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó yọ, kọ̀ǹdọ́ ti ń pariwo ní ibùdókọ̀ Ṣógúnlé: "Ìkẹjà, Agége! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Àpò ẹ̀yìn mi wúwo. Bàtà òjò wà nínú rẹ̀, tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ wà níbẹ̀, ìwé àjákọ wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ bí ogún sì wà níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí wo òkìtì ìwé ìròyìn náà, ó bi mí bóyá àkàrà ni mo fẹ́ lọ dín. Mo ní ewé ni mo fẹ́ lọ fi dì. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ẹnu ọ̀nà wa ní Ṣógúnlé ni ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n kì í dúró dè wá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò lọ pàdé rẹ̀ ní Agége. Ojú irin tuntun yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò fún owó ní oṣù kẹfà ọdún 2021, gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó dé Móníyà. Nígbà tí a jókòó tán, tí Agbádó ti wà lẹ́yìn wa, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè: kí ni ó kan tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gànwó?

Ohun tó kàn mí kò ju ìdánwò kékeré kan lọ. Ní sáà tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ orúkọ igi mẹ́wàá sílẹ̀. Máńgòrò, àgbọn, ọ̀pẹ, ọsàn. Lẹ́yìn èyí ni bírò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ọ̀kan nínú wọn kọ "igi Kérésìmesì." Mo fẹ́ bínú, mo sì ní kí n kọ́kọ́ kọ tèmi ná. Mo dé orí mẹ́rìnlá, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé mẹ́fà nínú wọn wà, bí ẹ bá gbé mi dé ìdí wọn, n kò ní dá wọn mọ̀. Orúkọ lásán ló wà lẹ́nu mi. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn wá sọ fún mi pé àwọn kan ń yọ̀ǹda ara wọn láti ka igi, tí wọn kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo ní kó kọ orúkọ mi mọ́ wọn.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1930 ni òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ A. F. B. Bridges dá Nigerian Field Society sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ, ẹranko, ewéko àti àṣà ìbílẹ̀, ìwé ìròyìn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìfẹ́ ló ń gbé wọn wọgbó, kì í ṣe owó oṣù. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 2003 ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CREW ti ń kó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbẹ̀ jọ láti máa ṣọ́ àwọn òdòdó tó ti ń ṣọ̀wọ́n. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ewéko kan wà tó ń jẹ́ Psoralea cataracta, tí wọ́n rí gbẹ̀yìn ní ọdún 1804. Wọ́n wá a tì, wọ́n sì kéde ní 2008 pé ó ti run. Ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣàdédé bá a lẹ́bàá odò. Ojú ẹnì kan tó mọ ohun tó ń wò ló jí i dìde.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá tẹ́tí sí orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin yìí, orúkọ èèyàn ni gbogbo wọn: Babatúndé Fáṣọlá ní Agége, Lateef Jákàńdè ní Agbádó, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní Papalantó, Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Ládòkè Akíntọ́lá ní Ọmí-Adió, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Móníyà. Àwọn baba wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń júwe ibi. Ní Mushin tó múlé gbe wa, Ìdí-Àràbà wà. Ní Ìbàdàn, Ìdí-Arẹrẹ wà, Ìdí-Ìṣin wà, Ìdí-Oṣè wà. Lóde òní, bí ẹ bá wá àràbà lọ sí Ìdí-Àràbà, ọkọ̀ àti ilé ìwòsàn ni ẹ óò bá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ orúkọ wọ̀nyí ti ka igi fún wa láìmọ̀. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀ pé: igi báyìí wà níbí.

Lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga, òkúta ń yọjú. Agbègbè yìí ni igbó Olókemèjì wà, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba nílẹ̀ wa ní ọdún 1899. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin àtijọ́ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àárín méjèèjì ni igbó ọba bọ́ sí. Ọ̀nà tí yóò máa kó gẹdú lọ sí etíkun àti òfin tí yóò máa ṣọ́ gẹdú, ìgbà kan náà ni wọ́n dé.

Ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin, láti Ọmí-Adió títí dé Móníyà, ewé kan ni mo ń rí ṣáá. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Òun ni a máa ń ra lọ́wọ́, tí a ń fún omi rẹ̀ sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, ó dá lórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá wọn dìbò fún. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti gba oko lọ́wọ́ àwọn onílé. Mo rẹ́rìn-ín dá nìkan nínú ọkọ̀. Ibùdókọ̀ Akíntọ́lá rèé, ibùdókọ̀ Awólọ́wọ̀ rèé lọ́hùn-ún, ewé kan náà ló sì so wọ́n pọ̀ láìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí tí kì í ṣe ẹ̀rín: ewé kan lè ní orúkọ méjì. Ìyá alágbo ti sọ èkejì rẹ̀ fún mi, pé orúkọ kan lè ní igi méjì. Báwo ni èèyàn yóò ṣe ka ohun tí orúkọ rẹ̀ kò dúró sójú kan?

Láti Móníyà sí ibi tí à ń lọ kò jìnnà. Ojú títì Ọ̀yọ́ ni, ní Ìdí-Oṣè, níbi tí IITA wà, iléeṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà ni ayé mọ̀ wọ́n sí. Ilẹ̀ wọn tó nǹkan bí hẹ́kítà 1,000. Nínú rẹ̀, wọ́n fi bíi 350 sílẹ̀ fún igbó. Kí wọ́n tó dé, oko àti abúlé ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ, igbó sì gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, tó ga tí mo fi ní láti gbé ọrùn sẹ́yìn kí n tó rí orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò dàgbà ju bàbá mi lọ. Ní 2010 ni iṣẹ́ kan tí àjọ Leventis fi owó ràn lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àwọn igi ìbílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gà olórí pupa kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi orúkọ Ìbàdàn pè, Malimbus ibadanensis, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1958. Ìwọ̀nba apá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí ló ń gbé ní gbogbo ayé, ọ̀kan lára ilé rẹ̀ sì ni igbó yìí.

Mẹ́sàn-án ni wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, télọ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi, èmi, àti bàbá tó ṣamọ̀nà wa, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ igbó láti ìgbà èwe rẹ̀. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílé kí a tó wọlé. Bàbá fún wa ní òfin mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà: ká má pariwo, ká má já ohun tí òun kò ní ká já, ká má sì fi ọwọ́ gbá ohunkóhun mú bí a bá fẹ́ ṣubú. Òfin kẹta ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kà sí. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi yọ̀, tó na ọwọ́, tó sì di èsìsì mú. Igbe tó ké lé ọ̀bọ lórí igi. Bàbá kò bínú. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni èsìsì ń jó ọmọ èèyàn, ó já ewé kan, ó fi pa á lọ́wọ́, iṣẹ́ sì tẹ̀ síwájú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Wọ́n á ta okùn àádọ́ta mítà la inú igbó já, gbọnrangandan, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀ ìbáà jẹ́ ìdí ẹ̀gún. Mítà márùn-ún lọ́tùn-ún, mítà márùn-ún lósì, gbogbo igi tó bá sanra tó ìwọ̀n tí wọ́n dá, a ó wọ̀n ọ́n ní ibi tó tó àyà èèyàn, ìyẹn mítà kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹnì kan ń wọ̀n, ẹnì kan ń pè, ẹnì kan ń ya fọ́tò ewé níwájú àti lẹ́yìn, ẹnì kan ń wo fóònù láti mọ ojú ibi tí a wà, tíṣà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí igi bá ṣòro láti mọ̀, a ó gé ẹ̀ka kékeré kan tó ní ewé, àti òdòdó tàbí èso bó bá wà, a ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, a ó fi páálí méjì há a, a ó dì í pinpin. Ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn mi ti wúlò. Ìròyìn ìdìbò ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo fi dì ewé àkọ́kọ́.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ojú ni. Iṣẹ́ imú ni, iṣẹ́ etí ni, iṣẹ́ ahọ́n ni pẹ̀lú. Bàbá á fi èékánná ha èèpo, á gbóòórùn rẹ̀, á ní kí àwa náà gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn àdá kan igi kan, ó dún gbì, ó ní igi ọmọ nìyẹn, òun ni àwọn agbẹ́lù ń wá kiri. Àwọn agbẹ́lù sì ní ìgbàgbọ́ pé èyí tó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, nítorí ó ti gbọ́ ohùn èèyàn pẹ́. Nọ́ọ̀sì wa ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, igi tó bá wà ní ibùdókọ̀ Ọ̀jọ̀ọ́ á máa bú èèyàn.

Okùn kẹta la wà tí Bàbá fi dúró láìsọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó mú nǹkan kan nílẹ̀, ó gbé e sókè: èso gbígbẹ kan, líle bí igbá, tó ti là bí òdòdó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni igi kan wà tí ìdí rẹ̀ nà jáde bí ìyẹ́. N kò wo ewé, nítorí ewé wà lókè réré. Èèpo ni mo wò, ẹ̀yìn ọ̀nì. Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi, mo mú ti Ìyá jáde, mo gbé e sára igi náà.

"Ọ̀gànwó ni!" Mo pariwo, mo gbàgbé òfin àkọ́kọ́.

Bàbá wojú mi. "Ọ̀gànwó wo?"

Ara mi bù máṣọ. Ìbéèrè kan náà, láti ẹnu ìyá tó ń ta àgbo lẹ́bàá ojú irin àti láti ẹnu bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sínú igbó. Mo ní n kò mọ̀, ìyá kan ní Ṣógúnlé náà ló rán mi níṣẹ́ yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyá náà mọṣẹ́.

Ó jókòó lórí gbòǹgbò, ó là á yé wa. Mẹ́ta ni àwọn tí Yorùbá ń pè ní ọ̀gànwó, ìdílé kan náà ni wọ́n, Khaya ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà. Ti ọ̀dàn ni Khaya senegalensis, tó ń hù lápá òkè, níbi tí òjò kò ti pọ̀. Ti igbó olómi ni Khaya ivorensis, apá Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà láàárín, tó ń gbé eteetí igbó àti ọ̀dàn bí Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ni Khaya grandifoliola, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀gànwó ewé ńlá. Ó da èso náà délẹ̀, ó ní ká ka ọ̀nà tó là sí. Márùn-ún ni. Ó ní ti ọ̀dàn sábà máa ń là sí mẹ́rin. Nínú ìwé àjákọ mi, mo kọ ọ́ pé: ọ̀gànwó, ewé ńlá, èso alápá márùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ kan láti inú mẹ́rìnlá mi dúró sára igi.

A dì í mọ́ra, ó gba apá èèyàn mẹ́ta. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ rẹ̀. Èso ọ̀gànwó kún fún irúgbìn pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbé. Ọmọ igi mọ́kànlá ni mo kà tí wọn kò ga ju orúnkún lọ. Mo wá èyí tó tó èèyàn ga, kò sí. Mo wá èyí tó sanra tó ọwọ́, kò sí. Ìyá ńlá wà, ọmọ ọwọ́ wà, kò sí ọ̀dọ́ kan láàárín. Bàbá ní ọmọ ọ̀gànwó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó lè ga, bó bá sì rí ìmọ́lẹ̀ tán, kòkòrò kan wà tó ń wọ inú ọ̀mùnú rẹ̀, tó ń gbẹ́ ẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbin ọ̀gànwó nìkan sóko fi ń sọkún. Èyí tó bá wá yè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, ẹni tó ń bó èèpo ń dúró dè é. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ìyá: tí wọ́n bá bó ọmọ tán, ta ni yóò wá dàgbà?

Àjọ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IUCN ní ìwé kan, Ìwé Pupa, tó ti wà láti 1964. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu sí. Ọ̀gànwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, apá wà níbẹ̀, orógbó tí a fi ń sọmọ lórúkọ wà níbẹ̀. Ní 2024, wọ́n kéde pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn irú igi ayé tí wọ́n yẹ̀ wò tó wà nínú ewu ìparun. Ṣùgbọ́n Ìwé Pupa kò lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ iye tó wà, ibi tó wà, àti bóyá ó ń dín kù. Onímọ̀ kò pọ̀ tó igbó. Ìdí tí wọ́n fi ń bẹ nọ́ọ̀sì, télọ̀ àti tíṣà nìyẹn.

Nígbà tí a ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí iNaturalist, níbi tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ń bá èèyàn dá ewéko mọ̀, mo rí ohun kan tó ya mí lẹ́nu. Bí ewéko bá jẹ́ ti inú ewu, ètò náà fúnra rẹ̀ ń bo ojú ibi tó wà mọ́lẹ̀. Yóò sọ pé apá ibí ni, kò ní sọ ibi gan-an, kí oníṣòwò má baà tẹ̀ lé e lọ hú u. Bàbá ní ṣé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Bàbá òun tó bí òun jẹ́ onísègùn. Ó máa ń gba ọ̀nà mẹ́ta lọ síbi egbò kan, kò sì gba èyí tó gbà lọ padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, a kó ewé wa lọ sí Jẹ́ríkò, sí FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, ewé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ju 100,000 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí páálí tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti já a àti orúkọ ẹni tó já a. Òórùn ibẹ̀ dà bí ti ìsọ̀ lẹ́kúlẹ́jà. Irú àkójọ yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko bíi Keay, Onochie àti Stanfield gbára lé tí wọ́n fi ṣe ìwé Nigerian Trees, tó jáde ní 1960 àti 1964. Ibẹ̀ kan náà ni onímọ̀ ewéko mìíràn, Gbilé, ti ṣe ìwé orúkọ ewéko lédè Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ ní 1984. Mo ṣí i sí ọ̀gànwó. Orúkọ kan, ju igi kan lọ, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ti wí. Mo béèrè bóyá àkọsílẹ̀ kan wà nípa bí èèpo tó ń dé ọjà ṣe ń nípọn sí tàbí ń fẹ́lẹ́ sí. Ẹni tó dá mi lóhùn ní ewé, òdòdó àti èso ni àwọn ń kó síbẹ̀. Ti ọjà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Mo wọ ọkọ̀ ọ̀sán padà. Nígbà tí mo dé Ṣógúnlé, alẹ́ ti lẹ́, Ìyá ti tan iná. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dúró yí i ká, ife kékeré lọ́wọ́ wọn. Mo dúró títí wọ́n fi lọ.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá. Mo ti rí i."

"Èwo ni?"

"Ti àárín igbó àti ọ̀dàn ni, mà. Ewé ńlá. Èso rẹ̀ là sí márùn-ún."

Mo gbé fóònù fún un. Ó wò ó, ó sún un mọ́ iná, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ìka tọ́ ìdí igi náà tó nà bí ìyẹ́, ó fi ìka tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ sókè títí fọ́tò fi tán. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Báyìí ló ṣe ń dúró?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìyá ti fi ọwọ́ gbá ọ̀gànwó mú lójoojúmọ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò tíì rí i lórí ìdúró rí. Èèpo ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ó lè fọwọ́ kàn án kó sọ ti ibi tó ti wá. Àwọn tí mo lọ bá ní Ìbàdàn mọ igi láti ewé dé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n nǹkan tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá yìí ti kà láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù kankan.

Mo mú tépù àti ìwé àjákọ jáde nínú àpò. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èèpo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ yìí wá." Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ wọ̀n ọ́n ni, kí n kọ ọjọ́, kí n kọ ibi tí wọ́n ní ó ti wá, kí n sì máa wá ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ó fa àpò jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi kí n jókòó.

"Kọ ọ́ dáadáa o," ó ní. "Ti ọ̀dàn ni èyí. Ìlọrin ló ti wá."